Dùtárì Tí Mo Tún Ṣe ní Openshaw

Káfíńtà ni mí. Mo ní kí n tètè sọ ọ́, nítorí ọdún márùn-ún gbáko ni mo fi gbé ní Manchester láìsọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún 2007 ni mo débẹ̀, mo sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta, ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti ṣe fírídọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá di mí lójú tí wọ́n gbé pákó ìrókò àti pákó afárá síwájú mi, òórùn nìkan ni n ó fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọjọ́ tí mò ń lọ, bàbá mi mú ìfági kékeré kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n tì í sáàárín ẹrù mi. Wọ́n ní, "Ibi yòówù kí o dé, wọ́n á nílò ilẹ̀kùn." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, mo ní iṣẹ́ ni mò ń wá. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì ní káàdì mi dà. Mo ní káàdì wo? Ó ní káàdì tó fi hàn pé mo mọ iṣẹ́. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí i, kí ó wo ojú àpá tí ayùn ti dá sí i láti kékeré. Ó rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ó ní, "Sorry, mate." Mo lọ sí ibi mẹ́ta mìíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nígbà tó yá, agency kan rán mi lọ sí ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Bolton, pé kí n máa di ẹrù sínú páálí. Bàtà, kẹ́tùlù, ohun ìṣeré ọmọdé, gbogbo ohun tí ènìyàn lè jókòó sílé kí ó rà, àwa là ń dì í. Mo rò pé oṣù mẹ́ta ni n ó ṣe níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nílùú náà kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Ìkíni wọn ni. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wò mí, ó ní, "You all right?" Mo dúró láti ṣàlàyé pé ọ̀fun ń dùn mí díẹ̀, pé mi ò sì sùn dáadáa. Kí n tó la ẹnu, ó ti dé ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìkíni lásán ni, pé wọn kì í retí ìdáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti orúkọ. Ọmọdé ogún ọdún ń pe bàbá ọgọ́ta ọdún ní Dave, bàbá náà sì ń dáhùn. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Gbogbo ẹni tó bá jù mí lọ ni mò ń pè ní Uncle, títí wọ́n fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo máa ń pe bàbá mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bèèrè iṣẹ́ tí mo rí, mo ní, "Iṣẹ́ igi náà ni, Baba."

"Ẹ ṣeun, Olúwa. Kí lo ń kàn?"

"Ilẹ̀kùn ni, Baba."

"Igi wo ni wọ́n ń lò?"

"Óòkù ni wọ́n ń pè é."

"Báwo ló ṣe ń ṣe lábẹ́ ìfági?"

Mi ò mọ bó ṣe ń ṣe lábẹ́ ìfági. Mo ní ó ń ṣe dáadáa. Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ sí ilé ìkàwé ní Eccles tí mò ń gbé, mo yá ìwé kan tó sọ̀rọ̀ nípa igi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí irọ́ mi lè dúró dáadáa. Báyìí ni mo ṣe ń kan ilẹ̀kùn, àga àti àkàbà lórí fóònù fún ọdún márùn-ún. Bàbá mi ń lọ sọ ọ́ nípàdé ẹgbẹ́ káfíńtà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń tọ́jú wọn, sọ fún mi pé wọ́n ti ń pe Baba ní "Bàbá Káfíńtà London". Mo ní Manchester kọ́ ni London. Ó ní ṣé ìyẹn ló ń dùn mí?

Irọ́ náà kọ́kọ́ dàbí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n mo wá rí i pé ó ń mú nǹkan kúrò lára mi. Ní Kútọ̀, bí mo bá ń kọjá lọ, àwọn ènìyàn mọ ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe. Ẹni tí ìjókòó rẹ̀ ń mì á pè mí. Ní Manchester, kò sí ẹni tó mọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pàápàá, èmi ni mo ń to àga ike, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo lè kan èyí tó dára jù ú lọ. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí mi ò ṣe é. Ibi tí wọn ò ti mọ iṣẹ́ ẹni, bí ẹni tí kò ní ìdílé lèèyàn ń rìn.

Ọdún kẹrin mi níbẹ̀ ni Durdy dé. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, kúkúrú, onírùngbọ̀n funfun díẹ̀, forklift ló ń wà. Kì í sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní kántíìnì, mo gbé búrẹ́dì mi sórí tábìlì, mo lọ gbé omi gbóná. Nígbà tí mo padà dé, ó ti yí búrẹ́dì náà padà. Mo ní kí ló ṣe é?

Ó ní, "Ojú rẹ̀ ni o dà délẹ̀. Búrẹ́dì ni. A kì í da ojú rẹ̀ délẹ̀."

Mo wò ó. Nínú gbogbo ènìyàn ilé ìkẹ́rùsí náà, ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó sọ pé a kì í ṣe nǹkan kan. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Àwa náà, a kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà." Ó mi orí bí ẹni pé mo dáhùn ìbéèrè kan dáadáa. Ó bu èso gbígbẹ kan fún mi láti inú ọ̀rá, ọwọ́ ọ̀tún ló sì fi nà án.

Ilẹ̀ Turkmen ló ti wá, ó ní àárín gbùngbùn Éṣíà ló wà, aṣálẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ rí. Òun náà ò gbọ́ Abẹ́òkúta rí, bẹ́ẹ̀ la ṣe dọ́gba. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwa méjèèjì ń sọ kò gún, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ara wa yé. Mo bi í bí wọ́n ṣe ń pe àgbà lọ́dọ̀ wọn, nítorí mi ò lè máa pè é ní Durdy lásán. Ó ní wọ́n á fi "aga" kún un: Durdy aga. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún un pé lédè wa, ohun tí a ń jókòó lé ni àga. Òun náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀. Ó ní kò burú, àgbà náà ni ohun tí ọmọdé ń fara tì. Láti ọjọ́ náà, Durdy aga ni mò ń pè é.

Díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún mi. Nílé, olórin ni. Bagshy ni wọ́n ń pe irú wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti máa fi dùtárì kọ ewì àwọn àtijọ́. Dùtárì yìí, okùn méjì péré ló ní, ikùn rẹ̀ rí bí ìdajì akèrègbè tó gùn, ọrùn rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ewì akéwì kan ni wọ́n ń kọ jù. Akéwì náà ti kú láti bí igba ọdún ó lé. Ó ní kò sí ilé kan lọ́dọ̀ wọn tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń gba ọmọ nímọ̀ràn, òun ni wọ́n fi ń tu ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú.

Mo ní, "Ṣé ẹ máa ń ka ìwé rẹ̀ nílé ìwé ni?"

Ó ní, "Ìwé wo? Ọ̀pọ̀ ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló sọnù. Ẹnu àwọn olórin ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnìkan kọ́ ọ fún ẹnìkan. Ewì kan náà, abúlé yìí á ní ohùn tirẹ̀, abúlé kejì á ní tirẹ̀. Ní ẹsẹ̀ ìparí, akéwì á dárúkọ ara rẹ̀, á bá ara rẹ̀ wí bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Bí olórin bá dé ibẹ̀, gbogbo ilé á dákẹ́."

Ohùn kan wà tí wọ́n ń fi kọ ọ̀kan nínú àwọn ewì náà ní abúlé Durdy, tí kò sí níbòmíràn. Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́ ọ, ọ̀gá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Ọ̀gá náà ti kú, kò sì fi ọmọ tó ń kọrin sílẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó tún mọ ohùn náà láyé ni ìyá Durdy. Kò kọrin rí níwájú èrò, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin nínú yàrá ló ti ń gbọ́ ọ. Àgbàlagbà ni báyìí, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Lọ́dọọdún, bí ìgbà ìrúwé bá dé, tí wọ́n ń ṣe ọdún wọn, Durdy á pè é lórí fóònù, á ta dùtárì, á kọ ọ́ fún un. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò tíì gún, kò lè lọ sílé kí ó padà.

Nígbà tí ọdún karùn-ún mi ń parí lọ, òtútù kan mú tí kò ṣeé fẹnu sọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Durdy gbé nǹkan gígùn kan wá sí ibi iṣẹ́, ó fi ìborùn wé e. Nígbà tí a jókòó lọ́sàn-án, ó tú u. Dùtárì rẹ̀ ni. Ojú rẹ̀, ìyẹn pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo ikùn, ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, apá kan sì ti wó wọnú. Ẹ̀gbẹ́ hítà ló gbé e kọ́ sí, ooru gbígbẹ náà fa igi náà ya.

Ó ní òun ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún gìtá ṣe láàárín ìlú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní àwọn ò mọ irú rẹ̀, pé àwọn ò fẹ́ bà á jẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó wúwo jù. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti pè láti ilé. Ìyá wọn ò jẹun dáadáa mọ́.

Mo ní, "Ẹ fi ẹnu lásán kọ ọ́ fún wọn."

Ó mi orí. "Mo ti kúrò nílé láti ọdún mọ́kànlá. Mi ò mọ̀ bóyá ohun tí mò ń kọ ṣì ni ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi. Okùn ló máa ń fi ọ̀nà hàn mí. Bí ìyá mi bá kú, kò sí ẹni tí yóò sọ fún mi mọ́ pé mo ṣì í."

Mo gba dùtárì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi èékánná kan ikùn rẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe dún. Mo yí i wò láti ẹ̀yìn. Ikùn náà ò níṣòro, ojú nìkan ló lọ. Ẹnu mi kàn sọ ọ́ ni: "Káfíńtà ni mí."

Ó wò mí. "Páálí lo ń dì."

"Forklift lẹ̀yin náà ń wà."

Ó fi ìborùn wé dùtárì náà padà, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ilé rẹ̀ ní Openshaw ni mo ti ṣe iṣẹ́ náà, ní kíṣìnì, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Mo yọ ìfági bàbá mi lábẹ́ ibùsùn, ó ti dípẹtà. Mo pọ́n ọn fún ìdajì ọjọ́. Mo ra pákó kan tó dára, funfun, mo fá a títí ó fi fẹ́lẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó gún régé. Inú mi dùn. Durdy so okùn, ó yí i, ó ta á lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ọwọ́ kúrò.

Ó ní, "Ó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èdè wa."

Òótọ́ ni. Èmi náà gbọ́ ọ: ó ń dún bí àpótí. Ó ní igi mọ́bẹ́rì ni wọ́n fi ń ṣe é, ikùn àti ojú, láti ayébáyé, kò sì sí igi mìíràn tó ń jẹ́ é. Mo lọ wá mọ́bẹ́rì ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta pákó, kò sí. Ẹni tó rí i fún mi ni Mama Ṣeun, ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ará Ìjẹ̀bú, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Mo ń to àga lọ́jọ́ kan ni mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn.

Wọ́n ní, "Ìwọ yìí, o mọ iṣẹ́ káfíńtà, o ń wò wá níran láti ọjọ́ yìí? Àbí kí ni mo gbọ́ yìí?"

"Ẹ má bínú, mà."

"N ó bínú. Ilẹ̀kùn kíṣìnì mi kì í pa dé láti ọdún méjì." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ìyá òyìnbó kan wà ní Eccles tí àwọn ń tọ́jú, igi kan tó ń so èso pupa dúdú wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, èso náà a máa ba aṣọ jẹ́. Wọ́n ní ẹ̀ka rẹ̀ ńlá kan ti ya nígbà kan rí, ọkọ ìyá náà tó ti kú sì là á sí pákó, ó tò ó sínú ahéré ọgbà. Wọ́n bá mi bèèrè. Ìyá òyìnbó náà ní kí n wá mú un, pé ọkọ òun ní òun ó fi ṣe nǹkan, kò sì ṣe é. Mọ́bẹ́rì ni lóòótọ́, pákó náà sì ti gbẹ dé ọkàn. Àwọ̀ oyin ni, òórùn rẹ̀ ò jọ ti igi kankan tí mo mọ̀.

Ṣùgbọ́n ó le. Èyí tí mo kọ́kọ́ fá, ó là nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ́lẹ́ tó. Ìkejì náà là. Pákó tó lè ṣe ojú kan péré ló kù. Ẹ̀rù bà mí, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, mo pe bàbá mi. Ní ìgbà èwe wọn, àpótí giramafóònù ni wọ́n ń kàn, wọ́n mọ bí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ń gbé ohùn jáde. Mo ṣàlàyé fún wọn.

Wọ́n ní, "Kí ló dé tí o ń fi ọwọ́ fá a? Ṣé ẹ ò ní ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù yín ni?"

Mo fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Baba, mi ò ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò kan ilẹ̀kùn rí níhìn-ín. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ń ṣiṣẹ́, mò ń di ẹrù sínú páálí."

Mò ń gbọ́ ariwo adìyẹ nílé wa.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo dé, Baba."

Fóònù kú. Mo rò pé káàdì ló tán, mo tún pè. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e. Ó ní Baba ti wọlé lọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ sinmi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọn ò gbé fóònù. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo padà, mo jẹun, mo sùn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ara mi fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkàn mi ń dùn mí. Durdy ò bèèrè ìgbà tí dùtárì á parí. Ní ojoojúmọ́ ló ń fún mi ní èso gbígbẹ náà, ó sì ń sọ fún mi bí ìyá rẹ̀ ṣe sùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, fóònù mi dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Nọ́ńbà bàbá mi ni, wọ́n flash mi. Mo jáde síta nínú òjò, mo pè wọ́n.

Wọn ò kí mi. Wọ́n ní, "Igi yẹn, inú yàrá tí o ti ń ṣiṣẹ́ ni o gbé e sí?"

"Rárá, Baba. Ọ̀dọ̀ mi ni."

"Gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n á gbé nǹkan náà kọ́. Kí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin kí o tó fọwọ́ kàn án, kí ó mọ ooru ibẹ̀. Má fá a tààrà, fá a ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti kù díẹ̀, gbé ìfági sílẹ̀, fọ́ ìgò, fi etí rẹ̀ họ ọ́. Máa fi ìka kàn án, máa gbọ́. Ìgbà tó bá dún bí ẹni tó fẹ́ dáhùn, fi í sílẹ̀."

"Ẹ ṣé, Baba."

Wọ́n ní, "Mo ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́. Mo ní irọ́ ni, ọmọ mi ò kan nǹkan kan. Wọ́n ní kò burú, iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Èmi ni mo ní ó burú." Ohùn wọn rọ̀. "Kì í ṣe páálí ló dùn mí. Ọdún márùn-ún, o ò rí ẹni bá sọ ọ́, kódà èmi."

Mo dúró síbẹ̀ nínú òjò títí káàdì fi tán.

Mo ṣe bí wọ́n ṣe wí. Ọjọ́ mẹ́rin ni pákó náà fi wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù Durdy. Mo fá a ní ìdàgẹ̀rẹ̀, mo fi etí ìgò họ ọ́, ó ń jáde bí ìyẹ̀fun. Durdy jókòó tì mí, ó ń fi ẹnu kọ orin náà lábẹ́lẹ̀, léraléra, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù nínú ilé. Mo gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń kùn ún nínú bọ́ọ̀sì. Ìgbà tí mo fi ìka kan pákó náà nígbẹ̀yìn, mo mọ̀ pé ó ti fẹ́ dáhùn. Mo gbé ìgò sílẹ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn dùtárì.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni a pe ìyá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ di fóònù náà mú sí etí ìyá wọn ní abúlé. Durdy gbé fóònù tirẹ̀ sórí tábìlì, ó jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ta okùn méjèèjì. Mi ò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́. Igi tó wà lẹ́yìnkùlé ìyá òyìnbó kan ní Eccles, tí mo fi ìgò họ, ó ṣí ẹnu, ohùn aṣálẹ̀ jáde. Durdy kọrin. Ohùn rẹ̀ le, ó ti ọ̀fun jáde, kò jọ ti ọkùnrin tó ń wa forklift. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ ìparí, níbi tí akéwì ti ń dárúkọ ara rẹ̀, ó dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó parí.

Mo rò pé ìlà ti já. Lẹ́yìn náà ni arúgbó náà sọ̀rọ̀, gbólóhùn kúkúrú kan.

Durdy dojú kọ mí. Ó ní, "Ó ní mo ṣì í."

Ní ìlà kan láàárín ẹsẹ̀ kẹrin, ibi tó yẹ kí ohùn ti wálẹ̀, Durdy ń gbé e sókè. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gbé e sókè. Ìyá náà sì kọ ọ́ fún un. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń já, ó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó wálẹ̀ níbi tó ti yẹ kó wálẹ̀, bí ẹni tó mọ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ nínú òkùnkùn. Durdy ta okùn tẹ̀ lé e. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ìkẹta, ìyá náà ní ó tó.

Ó wá bèèrè ẹni tó tún dùtárì ṣe. Durdy sọ fún un. Ó ní kí n súnmọ́ fóònù, ó sọ̀rọ̀ kan sí mi. Durdy túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní kí ọwọ́ rẹ má rí ìrora." Mo ní, "Àmín, mà." Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè rí mi.

Lẹ́yìn èyí, mo tún ilẹ̀kùn Mama Ṣeun ṣe. Wọ́n sọ fún ẹlòmíràn, ẹni náà sọ fún ẹlòmíràn. Mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìrọ̀lẹ́, mo jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo lè bí, wọ́n ń kọ́ mi bí a ṣe ń di ayùn mú, mo ń dákẹ́. Mo gba káàdì tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ mi lẹ́nu géètì lọ́jọ́sí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo kúrò ní Bolton, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń kan fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Nígbà mìíràn bàbá mi á ní kí n gbé fóònù sítòsí pákó kí àwọn gbọ́ bí ìfági ṣe ń lọ.

Mi ò lè sọ pé ilé ni Manchester. Mi ò sì lè sọ pé kì í ṣe ilé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn ènìyàn kan wà níbẹ̀ báyìí tí ìjókòó wọn bá ń mì, èmi ni wọ́n á pè.

Ìyá Durdy kú kí ọdún tí a tún dùtárì ṣe tó parí. Durdy ò lè lọ. Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọ̀ wọn, ó se oúnjẹ, ó pe àwa díẹ̀ sí ilé rẹ̀: ìdílé Turkmen kan tó ń gbé ní Bolton, èmi, àti Mama Ṣeun tó gbé ìrẹsì wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n gbé e. Dùtárì wà lára ògiri, jìnnà sí hítà. Ó ní òun ò ní ta á lọ́jọ́ ọ̀fọ̀, ẹnu nìkan lòun ó fi kọ orin náà.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó dé àárín ẹsẹ̀ kẹrin, ohùn rẹ̀ gòkè. Ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, ó dúró. Ó tún un ṣe, ó tún gòkè. Kò sí okùn tí yóò fi ọ̀nà hàn án. Ó wo ilẹ̀. Àwọn ará Bolton náà ò mọ ohùn abúlé rẹ̀, tiwọn yàtọ̀.

Èmi ni mo gbé orin náà. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, mi ò sì tíì kọrin ní gbangba rí láyé mi. Mo kàn pa ẹnu dé, mo fi imú kun ìlà náà bí arúgbó náà ṣe kọ ọ́ lórí fóònù, mo sì wálẹ̀ níbi tó ti wálẹ̀.

Durdy gbé ojú sókè, ó wò mí. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà, ó sì kọ ọ́ bó ṣe yẹ.